Rọ́kẹ́ẹ̀tì Alágbára: Ọ̀nà Òkè àti Ọ̀nà Àbọ̀

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ̀yin ará Alímọ̀ṣọ́ lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìkòtún, ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní Ìgàndó, ní Ìpájà àti ní Ìdímù, ẹ̀yin ọmọ Àwórì tí ẹ ni ilẹ̀, àti ẹ̀yin àlejò tí ilẹ̀ náà ti gbà mọ́ra títí tí ẹ fi di onílé, mo ní ọ̀rọ̀ kan láti bá yín sọ. Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà lẹ́bàá rédíò, mo bẹ̀ yín, ẹ pe àwọn ọmọ yín tí ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gírámà kí wọ́n wá jókòó tì yín, nítorí tiwọn ni ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin ni ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, bẹ́ẹ̀ ni ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ọ̀rọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì ni. Ẹ má ṣe rò pé ti ogun tí ń sọ ìlú di ahoro ni mo fẹ́ sọ, tàbí èyí tí ó gbé ènìyàn lọ sí òṣùpá. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo ń wí ni èyí tí tísà, tàbí mẹkáníìkì, tàbí àgbẹ̀, tàbí dókítà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn nínú ilé rẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi, tí ó gbé e lọ sí pápá gbalasa kan tí ó ti gba àṣẹ sí, tí ó rán an lọ sí ojú ọ̀run, tí ó sì tún gbà á padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Fàájì ni iṣẹ́ yìí jẹ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní ibòmíràn. Àwọn kan nínú wọn ń ṣe èyí tí kò ju ọ̀pá ìlù lọ, àwọn kan ń ṣe èyí tí ó ga ju ènìyàn méjì tí wọ́n dúró lórí ara wọn. Ohun tí mo fẹ́ kí olúkúlùkù wa mú lọ sùn lálẹ́ òní ni pé, láàárín àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà dunjú, bí rọ́kẹ́ẹ̀tì ti bọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí ó gbọ́n, nítorí agbára ìránlọ ni ó rọrùn jù lọ láti rí, ọgbọ́n ìgbàpadà ni ó sì ṣọ̀wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta ọdún 1926, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Robert Goddard tan rọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tí ń lo epo olómi, nínú oko ìbátan rẹ̀ kan ní ìlú Auburn. Ẹsẹ̀ bàtà 41 péré ni ó gòkè, ìṣẹ́jú àáyá méjì ààbọ̀ ni gbogbo ìrìn àjò rẹ̀, ilẹ̀ oko náà ni ó sì já lé. Síbẹ̀, ohun kékeré yẹn ni aṣíwájú gbogbo rọ́kẹ́ẹ̀tì elépo olómi tí ó ti wọ òfurufú lọ láti ìgbà náà. Ní ọdún 1954, ọ̀gbẹ́ni Orville Carlisle, oníṣọ́ọ̀bù bàtà ní ìlú Norfolk ní ìpínlẹ̀ Nebraska, tí ó fẹ́ràn iṣẹ́ iná aláràbarà, ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré kan pẹ̀lú arákùnrin rẹ̀ Robert, ẹni tí ó fẹ́ràn ọkọ̀ òfurufú ìṣeré. Páálí àti igi fúyẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì ká páráṣúùtì, èyíinì ni agbòòrùn aṣọ tí àwọn sójà fi ń bọ́ láti inú bàálù, sí inú rẹ̀. Rock-A-Chute ni wọ́n pè é. Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin olùgbọ́ mi, pé láti ọjọ́ tí fàájì yìí ti dé ayé ni ọ̀nà àbọ̀ ti wà nínú orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí ó di ọdún 1957, Carlisle ka ohun tí G. Harry Stine, òṣìṣẹ́ ní pápá ìdánwò rọ́kẹ́ẹ̀tì White Sands, kọ sínú ìwé ìròyìn kan nípa ààbò nínú iṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sì fi díẹ̀ nínú àwọn rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Bóyá Ẹlẹ́dàá ni ó mú kí ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí àkókò, nítorí ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún náà ni ilẹ̀ Rọ́ṣíà rán Sputnik lọ máa yí ayé ká, tí orí àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà sì gbóná, tí wọ́n ń po oríṣiríṣi kẹ́míkà pọ̀ nínú ilé ìdáná bàbá wọn, tí wọ́n ń kó o sínú páìpù irin, tí wọ́n sì ń ṣáná sí i. Àwọn kan pàdánù ìka, àwọn kan pàdánù ojú, àwọn mìíràn kò sì sí láyé mọ́ láti sọ ìtàn. Kí ni àwọn àgbà ṣe? Wọn kò sọ pé kí ọmọ má ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun ó wọ́. Ní ọdún 1957 yìí kan náà ni a dá ẹgbẹ́ National Association of Rocketry sílẹ̀, tí ó ṣe òfin ààbò fún gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é; lẹ́yìn náà ni Vern Estes ní ìlú Denver ṣe ẹ̀rọ tí ó ń tẹ ẹ́ńjìnnì kéékèèké jáde, kí ọmọdé lè ra èyí tí a ti dán wò, kí ó má baà fi ọwọ́ ara rẹ̀ po ohun tí yóò pa á. Nígbà tí àwọn ọmọ náà dàgbà, tí wọ́n ń fẹ́ èyí tí ó tóbi, tí ó sì lágbára jù bẹ́ẹ̀, ni rọ́kẹ́ẹ̀tì alágbára bẹ̀rẹ̀, tí ẹgbẹ́ kejì, Tripoli Rocketry Association, sì dìde láti bójú tó o.

Ṣùgbọ́n kí ni ó ń gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì gan-an? Ọdẹ ilé wa ti mọ ìdáhùn kí ìwé tó dé: bí ó bá yin ṣakabùlà rẹ̀, bí ọta ti ń lọ síwájú ni ìdí ìbọn ń gbá a ní èjìká sẹ́yìn, nítorí ohun tí a bá tì síwájú ń ti àwa náà sẹ́yìn pẹ̀lú agbára kan náà, gẹ́gẹ́ bí Isaac Newton, ọ̀jọ̀gbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ ọ́ sínú ìwé ní ọdún 1687. Nínú ẹ́ńjìnnì rọ́kẹ́ẹ̀tì, ohun tí ń jó ń di èéfín gbígbóná, èéfín náà ń rọ́ jáde pẹ̀lú ipá láti ihò kékeré kan ní ìdí, bí ó sì ti ń lọ sísàlẹ̀ ni rọ́kẹ́ẹ̀tì ń lọ sókè. Ẹ̀tù ni àwọn ẹ́ńjìnnì kéékèèké ń jó, irú èyí tí àwọn ọdẹ mọ̀, tí ilé iṣẹ́ ti fi ẹ̀rọ tẹ̀ títí tí ó fi le gbagidi. Àwọn ńlá ń jó àpòpọ̀ kẹ́míkà ammonium perchlorate àti ohun tí ó jọ rọ́bà, irú èyí tí ó wà nínú àwọn rọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ tí ó gbé Space Shuttle kúrò nílẹ̀.

Lẹ́tà ni a fi ń mọ ipò wọn. Newton-second ni a fi ń wọn gbogbo agbára tí ó wà nínú ẹ́ńjìnnì, èyíinì ni ipá tí ó fi ń tì, tí a fi iye ìṣẹ́jú àáyá tí ó fi jó sọ di púpọ̀. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tí ó ṣáájú rẹ̀: òpin agbára A jẹ́ 2.5, ti B jẹ́ 5, ti D jẹ́ 20, ti G jẹ́ 160, ti H jẹ́ 320, títí a ó fi dé M tí òpin tirẹ̀ jẹ́ 10,240. Láti A dé G ni ti àwọn kéékèèké. Láti H lọ ni a ń pè ní alágbára. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín fi ìwé ṣe ìṣirò rẹ̀ wò: ìgbésẹ̀ méjìlá péré ni ó wà láti A dé M, síbẹ̀ agbára M jẹ́ ìlọ́po 4,096 ti A. Bí ẹ bá sì rí H128 lára ẹ́ńjìnnì, H ni ipò rẹ̀, 128 sì ni iye newton tí ó fi ń tì, bí a bá dá a dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìlànà àwọn ọ̀gá ni pé kí ipá náà tó ìlọ́po márùn-ún ìwúwo rọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ó lè kúrò lórí ọ̀pá ìtọ́sọ́nà rẹ̀ kíákíá láìṣe mẹ́bẹmẹ̀bẹ. Nítorí èyí, H128 kò yẹ kí ó gbé ju nǹkan bí kílógíráàmù méjì ààbọ̀ lọ.

Ní ti ara rẹ̀, ọ̀pá oníhò ni, tí a fi páálí líle tàbí fáíbà ṣe, pẹ̀lú imú ṣóńṣó lókè, àti ìyẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní ìdí. A kì í fi irin ṣe ara rẹ̀ láìnídìí, nítorí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, èéfọ́ irin a máa gé ènìyàn. Ojú ibì kan wà lára rẹ̀ tí ìwúwo rẹ̀ pin sí, tí ó jẹ́ pé bí a bá fi ìka kan gbé e níbẹ̀, kò ní yẹ̀ síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún. Ojú ibòmíràn sì wà tí ipá afẹ́fẹ́ tí ń gbá a lára pin sí. Ti ìwúwo gbọ́dọ̀ wà lókè ti afẹ́fẹ́, kí àlàfo àárín wọn sì tó ìbú ara rọ́kẹ́ẹ̀tì náà, ó kéré tán. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, tí atẹ́gùn bá ti imú rẹ̀ yà, ìyẹ́ ìdí rẹ̀ yóò dá a padà sójú ọ̀nà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, yóò máa ta kìtì lójú òfurufú, ó sì lè dojú kọ ẹni tí ó rán an. Ní àwọn ọdún 1960 ni James Barrowman, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ NASA, gbé ìṣirò kan jáde tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gírámà fi lè rí ojú ibi kejì yìí pẹ̀lú ìwé àti kálàmù, kí ó tó gé páákó kan ṣoṣo.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti wúwo jù lọ. Bí ohun jíjó bá tán nínú ẹ́ńjìnnì, rọ́kẹ́ẹ̀tì a ṣì máa lọ sókè fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, yóò máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi dé òkè téńté ìrìn rẹ̀, níbi tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró jẹ́ẹ́. Níbẹ̀ ni ẹ̀tù kín-ín-kín kan gbọ́dọ̀ bú láti já imú kúrò lára, kí páráṣúùtì lè jáde. Fún èyí tí ó ga gan-an, a máa ń fi ẹ̀rọ tín-ín-rín kan sí àyà rẹ̀ tí ń fi bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fúyẹ́ sí i mọ bí òun ti ga tó. Bí ó bá dé òkè téńté, yóò kọ́kọ́ tú páráṣúùtì kékeré sílẹ̀ kí rọ́kẹ́ẹ̀tì lè máa já bọ̀ ní ìwọ̀nba, nígbà tí ó bá sì ku nǹkan bí mítà 200 sí ilẹ̀, yóò tú èyí ńlá, kí ó lè balẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí a bá tú ńlá láti òkè pátápátá, atẹ́gùn yóò gbé e kọjá ìlú. Bí a kò bá sì tú ọ̀kankan, kílógíráàmù mẹ́ta tí ń já bọ̀ láti ìwọ̀n kìlómítà kan lè la páànù ilé já. Ọ̀run ń ya bọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnìkan: kò mọ ẹni tí ó ṣe é yàtọ̀ sí ẹni tí ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀.

Nítorí èyí ni àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì ṣe fi ìwé ẹ̀rí sí ìpele mẹ́ta. Ẹni tí ó bá ti pé ọdún 18 lè wá ìpele kìíní, èyí tí ó fún un láyè láti lo H àti I. Ìpele kejì, fún J, K àti L, ní ìdánwò àkọsílẹ̀ nínú. Ìpele kẹta ni M lọ sókè, àwọn àgbà iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ yẹ àwòrán iṣẹ́ ẹni náà wò kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo ìpele wọ̀nyí, òfin kan kò yí padà: bí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá kan sánmà, tí páráṣúùtì kò sì ṣí, tàbí tí ó balẹ̀ ní fífọ́ tí kò lè tún fò mọ́, a kò ní fún ẹni tí ó ni ín ní ìwé ẹ̀rí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Lórí pápá pẹ̀lú, ètò ni ó ń jọba. Wáyà iná bátìrì ni a fi ń tan ẹ́ńjìnnì láti òkèèrè. A kì í fi ìṣáná tàn án. Ẹni tí ó tan H gbọ́dọ̀ jìnnà sí i tó ẹsẹ̀ bàtà 100, ti M sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 500: igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì tí iná kò ràn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn kí ìṣẹ́jú kan tó kọjá. A kì í rán an wọ inú ìkúùkù, a kì í rán an nígbà tí atẹ́gùn bá le, a kì í sì rán an láìjẹ́ pé àwọn tí ń ṣọ́ òfurufú ti fi àṣẹ sí i.

Ẹ̀yin ará Alímọ̀ṣọ́, ẹ jẹ́ kí a wá wo ilé ara wa. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ yìí, láti ìgbà náà ni ilé sì ti ń bí ilé. Òfin àwọn ẹgbẹ́ tí mo dárúkọ ni pé kí ibi ìránlọ rọ́kẹ́ẹ̀tì alágbára jìnnà sí ilé tí ènìyàn ń gbé tó ẹsẹ̀ bàtà 1,500. Níbo ni ẹ ó ti rí irú rẹ̀ láàárín Ìkòtún àti Ẹ̀gbẹ́dá? Bẹ́ẹ̀ ni pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed wà ní ìtòsí wa níhà Ṣáṣá, tí bàálù ń gbéra tí ó sì ń balẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ẹni tí ó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Mo sì fi ohùn rara sọ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ pé ẹ kò gbọdọ̀ po ẹ̀tù, ẹ kò gbọdọ̀ tú bánga láti kó inú rẹ̀ jọ, ẹ kò sì gbọdọ̀ ki ohunkóhun tí ń jó sínú páìpù. Òfin orílẹ̀-èdè yìí wà lórí ohun abúgbàmù, ṣùgbọ́n kí òfin tó mú yín, ohun náà fúnra rẹ̀ lè ti ṣe ohun tí dókítà Ọsibítù Jẹ́nẹ́rà Alímọ̀ṣọ́ ní Ìgàndó kò ní lè tún ṣe.

Ṣé kí ọmọ Alímọ̀ṣọ́ wá káwọ́ gbera ni? Rárá o. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Rọ́kẹ́ẹ̀tì olómi wà, tí kò ní iná nínú rárá, tí ó sì ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ kan náà. Kí ọmọ mú ike kóòkì lítà kan ààbọ̀, kí ó bu omi sí i tó ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan, kí ó fi rọ́bà dí ẹnu rẹ̀, kí ó fi fáàfù táyà la àárín rọ́bà náà, kí ó sì dorí ike kodò sórí ohun tí yóò gbé e dúró, kí ó wá máa fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ tó, yóò ti omi jáde, ike yóò sì fò. Kí tísà wà níbẹ̀, kí ó jẹ́ orí pápá ilé ìwé, kí rọ́bà tí ń gbé afẹ́fẹ́ gùn tó láti mú kí ẹni tí ń fẹ́ ẹ jìnnà sí i, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé orí lé e. Kí ó fi páálí ṣe ìyẹ́ sí i, kí ó rí bí yóò ti máa ta kìtì bí kò bá ní ìyẹ́. Kí ó fi ọ̀rá ìnájà ṣe páráṣúùtì sí imú rẹ̀, kí ó mọ̀ pé kíká rẹ̀ ní í mú un ṣí. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bá sì dúró ní mítà 50 sí ibi tí ó ti gbéra, tí ó fi purotíráktọ̀ inú àpótí mátíìsì rẹ̀ wo ike náà ní òkè téńté ìrìn rẹ̀, tí ó sì rí 45 dígírì, kí ó mọ̀ pé mítà 50 ni ó ga ju ojú òun lọ, nítorí tánjẹ́ńtì 45 dígírì jẹ́ 1. Bí ọmọ náà bá ti ṣe èyí, tí ó sì ní ọ̀nà àti lo kọ̀ǹpútà, ètò OpenRocket wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, tí yóò fi lè ya rọ́kẹ́ẹ̀tì H tàbí M, kí ó sì rí bí yóò ti fò, láìfi iná kan ohunkóhun.

Ẹ má sì rò pé àjèjì ni òfurufú jẹ́ sí Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 1963, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Kingsport wà ní èbúté Èkó, nípasẹ̀ rẹ̀ ni Olórí Ìjọba wa, Sir Abubakar Tafawa Balewa, fi bá Ààrẹ Kennedy ní Washington sọ̀rọ̀, tí ohùn wọn gba ara sátẹ́láìtì Syncom 2 kọjá. Ní ọdún 1999 ni ìjọba dá àjọ NASRDA sílẹ̀ fún ìmọ̀ òfurufú. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 2003 ni sátẹ́láìtì wa àkọ́kọ́, NigeriaSat-1, gbéra. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017 sì ni NigeriaEduSat-1, iṣẹ́ àwọn ọmọ Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Àkúrẹ́ pẹ̀lú àwọn ará Japan, gòkè láti Amẹ́ríkà. Ohun ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó gbé gbogbo wọn lọ, ti àjèjì ni, láti ilẹ̀ àjèjì. Nítorí èyí ni NASRDA ṣe ní ibùdó kan ní Ẹ̀pẹ́, ní ìpínlẹ̀ Èkó wa yìí, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìwádìí lórí rọ́kẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ ni ibùdó ẹ̀kọ́ òfurufú fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀.

Mo bẹ àwọn aláṣẹ, nítorí náà, kí wọ́n yan ọjọ́ kan lọ́dọọdún, lábẹ́ ojú àwọn onímọ̀ Ẹ̀pẹ́, pẹ̀lú àṣẹ àwọn tí ń ṣọ́ òfurufú àti àwọn aláàbò, tí àgbàlagbà tí ó bá ti kẹ́kọ̀ọ́ yóò lè rán rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó ra ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ́nà òfin, kí àwọn ọmọ ilé ìwé sì wà níbẹ̀ láti wò ó. Kí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ tó dé, ti ẹ̀yin olùkọ́ Alímọ̀ṣọ́ wà lọ́wọ́ yín. Láti ọjọ́ 4 sí ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá lọ́dọọdún ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún Ọ̀sẹ̀ Òfurufú Àgbáyé. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ onísáyẹ́ǹsì JETS ilé ìwé yín mú ọjọ́ kan nínú rẹ̀ fún ìdíje rọ́kẹ́ẹ̀tì olómi, kí ẹ sì pín máàkì rẹ̀ ní ọ̀nà tí yóò kọ́ ọmọ lọ́gbọ́n: kí èyí tí ó ga jù gba ìdá kan, kí èyí tí páráṣúùtì rẹ̀ ṣí, tí ó balẹ̀ láìfọ́, tí ó sì lè tún fò lójú ẹsẹ̀, gba ìdá méjì. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọmọ tí a bá fi irú máàkì bẹ́ẹ̀ tọ́ yóò dàgbà di ẹnjiníà tí a lè gbé ohun tí ó tóbi lé lọ́wọ́, nítorí yóò ti mọ̀ láti kékeré pé àbọ̀ wà fún ohunkóhun tí òun bá rán jáde, àti pé òun ni yóò jíhìn rẹ̀.